Yíyan kámẹ́rà medium format àti lẹ́ǹsì gígùn rẹ̀ fún iṣẹ́ fọ́tò ní Èkìtì

Kámẹ́rà medium format ni àwọn ayàwòrán ń pe kámẹ́rà tí fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń gba àwòrán dípò fíìmù) tóbi ju ti 35mm (mílímítà 24×36) lọ, ṣùgbọ́n tí kò tó ti àwọn kámẹ́rà ńlá tó ń lo fíìmù pẹlẹbẹ. Fíìmù 120, tí Kodak gbé jáde ní ọdún 1901, ni àwọn tó ń lo fíìmù nínú wọn ṣì ń lò jù. Lórí róòlù kan, kámẹ́rà 6×4.5 (ìwọ̀n àwòrán ní sẹ̀ǹtímítà) máa ń ya àwòrán 15 tàbí 16, 6×6 ń ya 12, 6×7 sì ń ya 10. Ara kámẹ́rà ni ẹni tó bá fẹ́ rà á sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Lẹ́ǹsì gígùn, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ kan àti òmíràn ti hàn jù.

Ohun tí wọ́n ń yà ní Èkìtì

Ilẹ̀ olókè ni Èkìtì, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń yà níbẹ̀ ni kò ṣeé sún mọ́. Àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ga débi pé ẹni tó bá dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè rí i tán. Láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀ ni ìrísí rẹ̀ ti ń hàn, lẹ́ǹsì gígùn ló sì lè yọ ọ́ kúrò láàárín òrùlé páànù àti wáyà iná. Bákan náà ni ọdún Ẹ̀pa ní àwọn ìlú apá àríwá Èkìtì: ère igi tí eégún náà gbé rù wúwo gan-an, ó sì máa ń fò gun orí òkìtì pẹ̀lú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbà kí ayàwòrán wọ àárín agbo lọ dúró síwájú rẹ̀. Ní ọdún Ùdìròkò ní Adó-Èkìtì, èrò àti àwọn ìjòyè ló máa ń wà láàárín Ewì àti ẹni tó gbé kámẹ́rà dání.

Nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì, tó ń sọ gígùn rẹ̀ ní mílímítà, máa ń tan ẹni tí 35mm ti mọ́ lára jẹ. Bí fíìmù bá ṣe tóbi tó ni lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ gùn tó kó tó lè fa nǹkan súnmọ́. Lẹ́ǹsì 150mm lórí 6×6 kò ju nǹkan bí 80mm lọ lórí 35mm. Ojú èèyàn ló dára fún, kì í ṣe òkè. Ẹni tó ti ń lo 200mm lórí 35mm máa nílò nǹkan bí 320mm lórí 6×4.5, 360mm lórí 6×6, àti 400mm lórí 6×7. Lórí sẹ́ńsọ̀ mílímítà 44×33, 250mm ti tó.

Ibi tí ṣọ́tà wà

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pinnu yíyàn ju ohun gbogbo lọ ni ibi tí ṣọ́tà wà, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń padé kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù. Hasselblad ti ilẹ̀ Sweden, nínú ọ̀wọ́ 500 rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí 500C ní 1957, fi ṣọ́tà sínú lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan. Mamiya RB67 (1970) àti RZ67 (1982) ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, Bronica ETR àti SQ náà kò sì yàtọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé fílàṣì ń bá gbogbo ìyára ṣọ́tà ṣiṣẹ́, títí dé 1/500 ìṣẹ́jú àáyá lórí Hasselblad. Níbi ìwúyè ọ̀sán gangan, tí òjìji gèlè tàbí adé bo ojú, ayàwòrán lè fi fílàṣì tan ojú náà láì jẹ́ kí ojú ọ̀run funfun jù.

Pentax 6×7, tó jáde ní Japan ní 1969, fi ṣọ́tà sínú ara kámẹ́rà. Fílàṣì kò lè bá a ṣiṣẹ́ ju 1/30 lọ, àyàfi pẹ̀lú àwọn lẹ́ǹsì díẹ̀ tó ní ṣọ́tà tiwọn, bíi 165mm LS. Ṣùgbọ́n nítorí pé lẹ́ǹsì rẹ̀ kò nílò ṣọ́tà nínú, ojú wọn lè fẹ̀ kí wọ́n sì gùn (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó): 200mm f/4, 300mm f/4, 400mm f/4, títí dé 1000mm. Ẹ fi wé ti Hasselblad: Sonnar 250mm jẹ́ f/5.6, Tele-Tessar 500mm sì jẹ́ f/8. Ní àfẹ̀mọ́jú, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì pọ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ìyàtọ̀ f/4 sí f/8 jẹ́ ìpele méjì, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ òkè àti ọ̀nà jíjìn, Pentax ló ní lẹ́ǹsì tó pọ̀ jù láti yàn nínú gbogbo kámẹ́rà fíìmù 6×7. Fún ẹni tó ń ya ayẹyẹ àti ojú èèyàn, ṣọ́tà inú lẹ́ǹsì ló sàn.

Ìwárìrì

Dígí inú kámẹ́rà 6×7, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sí ojú ayàwòrán kó tó yà á, tóbi, nígbà tó bá sì fò sókè, gbogbo kámẹ́rà á mì. Lẹ́ǹsì gígùn ń sọ ìmìtìtì kékeré di bàìbàì ńlá lórí fíìmù. Ṣọ́tà Pentax 67 náà wúwo tó fi jẹ́ pé bí wọ́n tilẹ̀ ti gbé dígí sókè ṣáájú, 300mm lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣì lè mì láàárín 1/30 sí 1/8 ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn 6×7 tó jáde ṣáájú kò tilẹ̀ ní ohun tí wọ́n fi ń gbé dígí sókè, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wúwo, àpò iyanrìn tí wọ́n so mọ́ ọn, àti fíìmù ISO 400, tó ń tètè gba ìmọ́lẹ̀, tó máa jẹ́ kí ṣọ́tà yára dé 1/250 tàbí 1/500 ló ń wo àìsàn yìí. Ṣọ́tà inú lẹ́ǹsì kì í mi kámẹ́rà tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé dígí RB67 tàbí Hasselblad sókè, ìmìtìtì tó kù kò tó nǹkan.

Ìwúwo náà ń bẹ. RB67 pẹ̀lú lẹ́ǹsì 90mm tó nǹkan bíi kílò 2.7, kí wọ́n tó fi 360mm f/6.3 kún un. Ó ń fi awọ kíká bí ẹwìrì àgbẹ̀dẹ sún lẹ́ǹsì síwá-sẹ́yìn, kò sì nílò bátìrì rárá. Sítúdíò ló bá mu jù. Gígun àpáta pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Hasselblad 500C/M náà kò nílò bátìrì. Pentax 67 kì í ṣiṣẹ́ láìsí i, Bronica ETR kì í sì í ju ìyára kan ṣoṣo, 1/500, lọ bí bátìrì bá tán.

Kámẹ́rà olójú méjì bíi Rolleiflex àti Yashica-Mat, tí ọ̀pọ̀ sítúdíò ilẹ̀ Yorùbá lò nígbà kan, kò ṣeé pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Mamiya C330 (1969) ló yàtọ̀: lẹ́ǹsì rẹ̀ dé 250mm, dígí rẹ̀ kì í sì í fò.

Àwọn onísẹ́ńsọ̀

Fujifilm bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ kámẹ́rà GFX ní 2017 láìsí dígí kankan. GF 250mm f/4 rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1,425. GF 500mm f/5.6, tó jáde ní 2024, fúyẹ́ jù ú lọ, gíráàmù 1,375. Láti orí GFX 100 ní 2019 ni sẹ́ńsọ̀ náà ti ń gbọ̀n padà láti pa ìwárìrì ọwọ́, èyí tó mú kí yíya eégún láìlo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣeé ṣe. Hasselblad X1D (2016) àti X2D (2022) fi ṣọ́tà sínú lẹ́ǹsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n èyí tó gùn jù nínú lẹ́ǹsì wọn ni 135mm f/2.8, tí ẹ̀rọ afàgùn 1.7 lè fà gùn sí i. Ẹni tó bá nílò lẹ́ǹsì gígùn lóòótọ́ á rí i pé GFX ló yẹ òun nínú méjèèjì.

Lẹ́ǹsì àtijọ́ náà lè wúlò níbí. Pẹ̀lú adápítà, Sonnar 250mm ti Hasselblad á wọ GFX, á sì dà bíi 200mm lórí 35mm. Ọwọ́ ni wọ́n á fi yí i kí àwòrán lè já gaara. Lẹ́ǹsì Pentax 67 náà ń wọ Pentax 645Z (2014).

Ojú ọjọ́ àti ríra tòkunbọ̀

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo òkè lójú, lẹ́ǹsì gígùn kì í sì í là á kọjá. Fíltà pupa tó ń ṣí ìkùukùu aláwọ̀ búlúù lórí fíìmù dúdú-òun-funfun kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí eruku, nítorí pé eruku ọyẹ́ ń fọ́n gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ká. Lẹ́yìn òjò ni ọ̀nà jíjìn ń hàn kedere jù.

Òjò náà ló ń mú èbu hù sínú lẹ́ǹsì, pàápàá èyí tí wọ́n tọ́jú sínú àpò awọ. Bí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ bá ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ pátápátá, tó tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀, okùn tín-ín-rín bí ilé aláǹtakùn tó bá rí lára gíláàsì ni èbu. Ṣọ́tà inú lẹ́ǹsì ni kó dán wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti 1/2, nítorí pé ìyára tó lọ́ra ni gírísì gbígbẹ ti kọ́kọ́ ń fara hàn. Lára Pentax àti Bronica, kó wo fóòmù tó ń dí ìmọ́lẹ̀, èyí tó máa ń rà di lẹ́búlẹ́bú lẹ́yìn ọdún púpọ̀.