Àwọn àṣìṣe mánigbàgbé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá

Àṣìṣe mánigbàgbé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni àṣìṣe agbábọ́ọ̀lù, aṣọ́lé tàbí rẹfirí tó mú kí ife bọ́ lọ́wọ́ ikọ̀ kan, tàbí tó lé e kúrò nínú ìdíje, tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kò sì yé sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe bí àṣìṣe ṣe tóbi tó ló ń sọ ọ́ di ìtàn. Aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ ti fi góòlù mẹ́rin ṣíwájú, ẹ̀rín lásán ni wọn yóò fi rín. Bó bá jẹ́ ní àṣekágbá, orúkọ rẹ̀ yóò di àmúṣọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì sábà máa ń di ẹ̀bi rù, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìpàdánù náà.

Durban, ọdún 2010

Atamátàsé ni Yorùbá ń pe agbábọ́ọ̀lù iwájú tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtigbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2010, ní pápá ìṣeré Moses Mabhida ní Durban, ní South Africa, Yakubu Aiyegbeni ta, ó sì tàsé. Nàìjíríà àti South Korea ló ń wàákò níbi ìdíje Ife Àgbáyé. Kalu Uche ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, kí Lee Jung-soo tó dá a padà, tí Park Chu-young sì fi èkejì lé e lẹ́yìn ìsinmi. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé àádọ́rin ìṣẹ́jú, Ayila Yussuf fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ òsì sí iwájú ilé. Aṣọ́lé Korea kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbésẹ̀ mélòó kan péré ló wà láàárín Yakubu àti àwọ̀n tó ṣófo. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ta á, bọ́ọ̀lù sì gba ìta òpó kọjá lọ.

Yakubu yìí kan náà ló gbá pẹ́náritì wọlé ní ìṣẹ́jú 69, tó sọ ọ́ di 2–2, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé. Obafemi Martins náà rí àyè, tó ku òun àti aṣọ́lé nìkan, kò sì lè lò ó. Ọ̀mì kò tó. Argentina na Greece 2–0 lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí náà, ká ní Nàìjíríà borí ni, ì bá wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Àmì kan ṣoṣo ló kó wálé.

Bí a bá fẹ́ wá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Bloemfontein. Nàìjíríà ti fi 1–0 ṣíwájú Greece nígbà tí Sani Kaita na ẹsẹ̀ sí Vasilis Torosidis lẹ́bàá ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá, nígbà tí bọ́ọ̀lù ti jáde, tí ìjà kankan kò sì yẹ kó sí. Káàdì pupa ni, ní ìṣẹ́jú 33. Greece dá góòlù padà kí ìsinmi tó dé. Torosidis tí Kaita fẹ́ ta nípàá gan-an ló wá gbá èkejì wọlé, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Vincent Enyeama, aṣọ́lé tó ti ṣe bẹbẹ níwájú Argentina. Ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, ló lọ́wọ́ nínú ìjákulẹ̀ náà. Orúkọ Yakubu ló dúró.

Ní òpin oṣù náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé òun yọ ikọ̀ náà kúrò nínú ìdíje àgbáyé fún ọdún méjì. FIFA fárígá, ìjọba sì yí ohùn padà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Àwọn aṣọ́lé

Aṣọ́lé kò ní ẹni lẹ́yìn tí yóò bá a bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi pọ̀ jù nínú àwọn ìtàn báyìí. Èyí tó le jù nínú wọn ni ti Moacir Barbosa ti Brazil. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1950, nígbà tí Brazil ń bá Uruguay wàákò níbi ìdíje Ife Àgbáyé, tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní 170,000 ni wọ́n tà ní pápá Maracanã ní Rio de Janeiro. Àṣekágbá kọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Ikọ̀ mẹ́rin ló ń bá ara wọn gbá a yíká, ọ̀mì sì tó fún Brazil láti gba ife. Friaça gbá góòlù wọlé kété lẹ́yìn ìsinmi. Alcides Ghiggia ti Uruguay wá gba ọ̀tún kọjá, ó fi bọ́ọ̀lù fún Juan Schiaffino, ó di 1–1. Ní ìṣẹ́jú 79, Ghiggia tún gba ọ̀nà kan náà. Barbosa rò pé yóò tún fi ránṣẹ́ sí àárín bíi ti àkọ́kọ́, ó sún síwájú díẹ̀. Ghiggia rí àlàfo tó wà láàárín Barbosa àti òpó, ó gba ibẹ̀ tà á wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ aṣọ́lé ì bá rò náà ni Barbosa rò. Síbẹ̀, òun, Bigode àti Juvenal ni wọ́n di gbogbo ẹ̀bi rù, aláwọ̀ dúdú sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Brazil pa aṣọ funfun tì, ó gba aláwọ̀ ìyeyè tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Títí Barbosa fi kú ní ọdún 2000, ó máa ń sọ pé ọgbọ̀n ọdún ni ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jù lábẹ́ òfin Brazil, ṣùgbọ́n òun ti lo àádọ́ta.

Ti Loris Karius, aṣọ́lé Liverpool, ṣẹlẹ̀ ní Kyiv ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2018, nígbà tí Real Madrid na Liverpool 3–1 ní àṣekágbá Champions League. Ó ju bọ́ọ̀lù lu ẹsẹ̀ Karim Benzema, ó wọlé; nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù tí Gareth Bale ta láti òkèèrè gba àárín ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà sọ pé orí rẹ̀ fara gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, èyí tó ṣeé ṣe kó da ojú rẹ̀ rú.

Ní Abuja, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2022, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ tí Thomas Partey ti Ghana ta gba abẹ́ Francis Uzoho ti Nàìjíríà kọjá ní ìṣẹ́jú 10. William Troost-Ekong fi pẹ́náritì dá a padà, ṣùgbọ́n 0–0 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá ní Kumasi, ní Ghana, òfin ìgbà náà sì ni pé góòlù tí a gbá nílé onílé wúwo ju tilé ẹni lọ. Ghana ló lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ní Qatar. Ó kù ju ọgọ́ta ìṣẹ́jú lọ fún Nàìjíríà láti gbá góòlù kan sí i, wọn ò rí i gbá.

Andrés Escobar

Ẹ̀mí lọ sí àṣìṣe yìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1994, níbi ìdíje Ife Àgbáyé, ní pápá Rose Bowl ní Pasadena ní Amẹ́ríkà, Escobar, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Colombia, na ẹsẹ̀ láti gé bọ́ọ̀lù tí John Harkes ta wá, ó sì gbá a sílé ara wọn. Amẹ́ríkà borí 2–1. Romania ti na Colombia 3–1 ṣáájú, kò sì pẹ́ tí ìdíje fi parí fún wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje, wọ́n yìnbọn pa á ní Medellín. Ọmọ ọdún 27 ni. Wọ́n dá ẹni tó pa á lẹ́wọ̀n ọdún 43. Nǹkan bí ọdún 11 ló lò tó fi jáde.

Àṣìṣe rẹfirí

Ní Stuttgart, níbi ìdíje Ife Àgbáyé lọ́dún 2006, rẹfirí Graham Poll yọ káàdì ìyeyè mẹ́ta fún Josip Šimunić ti Croatia kó tó lé e jáde, bẹ́ẹ̀ méjì ló yẹ kó lé agbábọ́ọ̀lù jáde. Nọ́ńbà 3 ni Šimunić wọ̀. Nọ́ńbà 3 Australia, ikọ̀ tí wọ́n ń bá wàákò, ni Poll kọ èkejì sí.

Èyí tó dun Nàìjíríà jù ṣẹlẹ̀ ní Súrùlérè, Èkó, ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000, ní àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Cameroon kọ́kọ́ gbá méjì wọlé, Raphael Chukwu àti Jay-Jay Okocha dá a padà, ó di pẹ́náritì. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba lu ọ̀pá ìdábùú, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó tún jáde. Tẹlifíṣọ̀n fi hàn pé ó wọlé. Rẹfirí ní kò wọlé. Cameroon gba ife pẹ̀lú 4–3. Wọ́n ti gba pẹ́náritì Kanu Nwankwo náà mú, ṣùgbọ́n ti Ikpeba ni wọ́n ń sọ.

Ọdún 2014 ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà ilé kọ́kọ́ dé ibi ìdíje Ife Àgbáyé. Góòlù àkọ́kọ́ tó bá wọn fìdí ẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ ni ti Faransé sí Honduras ní Porto Alegre: bọ́ọ̀lù Benzema lu òpó, ó ta lu aṣọ́lé Noel Valladares, ó sì kọjá ìlà kó tó fà á padà. Orúkọ Valladares ni wọ́n kọ góòlù náà sí.