SUNCT: ẹ̀fọ́rí tí kì í jókòó pẹ́, àti kókó kékeré tó lè wà nídìí rẹ̀

Á kàn ṣàdédé gún èèyàn lójú tàbí lẹ́bàá ojú, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ gbígbóná bọ ibẹ̀. Ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn á pọ́n, omijé á máa dà, imú náà lè dí. Kí onítọ̀hún tó já pàràsítámọ́ọ̀lù nínú páálí, ó ti lọ. Kò pẹ́, ó tún dé. Lára àwọn kan, ó máa ń ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọjọ́ kan.

SUNCT ni àwọn dókítà ń pè é. Orúkọ gígùn kan ni wọ́n ké kúrú bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ń sọ ni pé ìrora náà kì í pẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ló wà, ó ń ta ni bí ìrora iṣan ìmọ̀lára, ó ń mú ojú pọ́n, ó sì ń mú un sun omi. Ottar Sjaastad, dókítà ará Norway, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní kíkún ní 1989. Ìrora kan lè gba ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má fi pe túúlu o. Túúlu tó bá mú èèyàn lè wà lórí rẹ̀ fún wákàtí 4 títí dé ọjọ́ 3, ibi tó ṣókùnkùn ni ẹni náà máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀ sí. SUNCT kì í fúnni láyè àtidùbúlẹ̀. Bíbọ́jú lásán lè fà á, tàbí fífọ eyín, tàbí jíjẹun. Ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ dókítà eyín làwọn kan máa ń kọ́kọ́ gbà lọ.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni wọn kì í rí ohunkóhun nínú orí wọn. Àmọ́ láwọn ìgbà mìíràn, kókó kan ló wà lára pìtúítárì. Pìtúítárì kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, abẹ́ ọpọlọ ló wà, lẹ́yìn imú, nínú kòtò eegun kan tí àwọn oníṣègùn àtijọ́ fi wé gàárì ẹṣin àwọn ará Tọ́kì. Òun ló ń darí omi ọmú, nǹkan oṣù, dídàgbà ara àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Iṣan tí a fi ń ríran gba òkè rẹ̀ kọjá. Àwọn ẹ̀ka iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú lọ sí ọpọlọ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àdúgbò há gádígádí ni. Kókó tó ń yọ níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni á kọ́kọ́ rò ni pé bí kókó bá ṣe tóbi tó ni orí á ṣe fọ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2005, àwọn dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí jáde lórí èèyàn 84 tó ní kókó pìtúítárì tí orí sì ń fọ́. Irú túúlu ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ló ní SUNCT. Ìtóbi kókó kò sì bá bí ìrora ṣe le tó mu: kékeré lè fojú èèyàn rí màbo, kí ńlá má sọ̀rọ̀.

Ohun tí kókó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ẹni tí kókó ń tú họ́mónù ìdàgbà sí lára, tí òrùka kò wọ̀ ọ́ mọ́, tí bàtà sì ń fún un, lè gba abẹ́rẹ́ octreotide kí orí rẹ̀ sì fúyẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nígbà tí kókó kò tíì súnkì. Èyí tó tún ṣeni ní kàyéfì ni kókó tó ń tú họ́mónù omi ọmú, tó lè mú kí ọmú obìnrin tí kò tọ́mọ máa sun omi. Cabergoline àti bromocriptine ló ń mú un súnkì, síbẹ̀ àwọn oògùn yìí kan náà ti mú kí SUNCT àwọn kan le sí i. Nítorí náà, bí orí bá ń fọ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí aláìsàn má fara dà á lásán. Kí ó tètè sọ fún dókítà.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń fi dá SUNCT fúnra rẹ̀ dúró ni lamotrigine, tí wọ́n tún ń lò fún wárápá. Bí wọ́n bá ní láti yọ kókó, imú ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti fi ẹ̀rọ MRI wo orí, wọ́n á sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà á fẹ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn, bó ṣe ń pẹ́ tó, iye ìgbà lóòjọ́. Bí ẹnì kan nínú ilé bá fi fóònù ya fídíò ojú náà nígbà tó pọ́n, iṣẹ́ dókítà á rọrùn gan-an.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọ́rí ńlá bá ṣàdédé sán bí àrá, tí ojú ń ṣú tàbí tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí èébì sì ń gbé e, ìyẹn kúrò ní SUNCT. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dà sínú kókó náà. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ òru.