Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Ti Ṣá: Èyí Tó Ṣeé Dá Padà àti Èyí Tí Kò Ṣeé Dá Padà

Ẹ fa bẹ́líìtì ọkọ̀ àtijọ́ kan, èyí tí à ń dè mọ́ àyà lórí ìjókòó, jáde títí kò fi ní sí mọ́ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń ká a. Ẹ wo ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn: ó dúdú minimini bí ìgbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ wọ̀lú. Ẹ wá fi wé ibi tó máa ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Òun ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tàbí kó ti rí bí eérú. Bẹ́líìtì kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n hun ún. Oòrùn ló rí ibì kan tí kò rí ibì kejì.

Peugeot 504 àti Volkswagen tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá ṣì wà nínú àgbàlá kiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ nílẹ̀ wa, Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Èkó. Ẹni tó bá ń tún irú rẹ̀ ṣe á ṣe ẹ́ńjìnnì, á kun ún lọ́dà, á rán ìjókòó tuntun, bẹ́líìtì ni yóò rántí gbẹ̀yìn. Ìgbà tó bá sì rántí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń dùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Okùn tí wọ́n fi hun bẹ́líìtì kì í ṣe òwú. Polyester ni, okùn tí wọ́n fà láti ara ike. Nylon ni wọ́n fi hun àwọn kan nínú èyí tó pẹ́ jù. Tí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, kì í ṣe aró ara rẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Ó ń já okùn náà láti inú wá, díẹ̀díẹ̀, níbi tí ojú kò lè tó. Gíláàsì iwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ méjì tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́ lẹ̀ pọ̀, ike yẹn sì ń dá èyí tó burú jù nínú ìtànṣán oòrùn dúró. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kò ní irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apá ibi èjìká, tó kọjú sí gíláàsì ìlẹ̀kùn, fi máa ń ṣá ju apá ibi itan lọ.

Kí ló wá le nínú kí okùn bẹ́líìtì dẹ̀ díẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ó wá forí sọ nǹkan, ara ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ sì dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Tí ẹni náà bá wọn kílò 70, ẹrù tí bẹ́líìtì gbé ní àkókò kékeré yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan: àpò sìmẹ́ńtì 20. Èyí tó ń sáré lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá gbà pé oòrùn ń jẹ bẹ́líìtì: tí wọ́n bá fi iná tó mú bí oòrùn dán èyí tuntun wò, agbára tó kù lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 60 nínú 100. Tuntun la ń sọ yìí o, kì í ṣe èyí tó ti lo ogójì ọdún lábẹ́ oòrùn.

Nítorí náà, fífọ̀ ló ṣáájú, torí ohun tí a ń pè ní ṣíṣá nígbà mìíràn kì í ṣe ju eruku pupa, òógùn ọrùn àti eruku ọyẹ́ lọ. Ẹ fà á jáde tán, kí ẹ fi nǹkan há a mọ́ra lẹ́nu kẹ̀kẹ́ kó má baà sá padà wọlé. Píláyà tí wọ́n fi aṣọ wé lẹ́nu tó fún un. Ẹ po ọṣẹ tí kò le mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ̀ ọ́ ní gígùn, bí okùn ṣe lọ. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì náà yípo. Omi àkọ́kọ́ máa ń pọ́n bí omi àgbàrá. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún títí aṣọ náà kò fi ní yí àwọ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ fara kan omi rárá. Lẹ́yìn náà, òjìji ni kó ti gbẹ, kó wà ní fífà síta di ọjọ́ kejì. Bẹ́líìtì tútù tó bá ká padà yóò máa yọ àmì dúdú tóótòòtóó, òórùn rẹ̀ kò sì ní kúrò nínú ọkọ̀ bọ̀rọ̀. Hypo àti Jik kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Tó bá gbẹ tán tí kò tíì dúdú, ibẹ̀ ni ọkàn máa ń lọ sọ́dọ̀ aláró. Aṣọ funfun ní ń sunkún aró; bẹ́líìtì kò sunkún un. Aró tó ń mú òwú kì í mú polyester. Èyí tó sì tún burú ni pé omi kọ́sítíìkì tí ọ̀pọ̀ aláàdìrẹ òde òní ń pò mọ́ aró ń jẹ okùn polyester lára. Aró tó wà fún polyester ń béèrè ooru tó ju omi híhó lásán lọ kó tó wọlé dáadáa, ooru náà sì lè sún bẹ́líìtì kì. Ìwé tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń fi sínú ọkọ̀ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹ má pa bẹ́líìtì láró. Àwọn mìíràn á fi kíwì bàtà pa á, tí yóò sì jábọ́ sára lẹ́ẹ̀sì funfun ẹni tó ń lọ òde. Kò sí èyí tó dá agbára padà nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n kàn ń bo àmì tí ó yẹ ká rí ni, ó sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn àwọn ọmọ tó ń gbé sínú ọkọ̀ náà.

Kẹ̀kẹ́ náà ní tirẹ̀. Irin kékeré kan tàbí ọta ló wà nínú púpọ̀ wọn. Tí ọkọ̀ bá dúró lójijì tàbí tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù, irin yẹn á yẹ̀, á ti ìkọ́ sáàárín eyín kẹ̀kẹ́, bẹ́líìtì á sì há. Ìyẹn ló fà á tí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀, tí wọ́n fi lélẹ̀ gbalaja, kò fi ní gbà kí wọ́n fa bẹ́líìtì jáde. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé ó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́. Kí wọ́n gbé e dúró bó ṣe wà nínú ọkọ̀, yóò jáde. Tí kò bá ká padà dáadáa, ìdọ̀tí tó dì mọ́ irin ibi èjìká ló sábà ń fà á. Aṣọ tí wọ́n fi sípíríìtì rin tó o. Ẹ má ta ọ́ìlì sí kẹ̀kẹ́, ẹ má sì ṣí i: sípíríńgì inú rẹ̀ lè já síni lọ́wọ́.

Tí etí bẹ́líìtì bá ti ń tú, tó ti le gbagidi, tàbí tí ọkọ̀ náà ti forí sọ nǹkan rí pẹ̀lú èèyàn nínú rẹ̀, pípààrọ̀ ló kù. Bẹ́líìtì máa ń nà lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ wo ìwé aṣọ kékeré tí wọ́n rán mọ́ ìdí rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀. Tòkunbọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó ti nà, tó bá jẹ́ pé ara ọkọ̀ tó fọ́ ni wọ́n ti tú u. Ibi tí ike ti yọ́ mọ́ okùn máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ti oníbàtà kò lè rán bẹ́líìtì. Èyí tó jẹ́ tuntun ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì dè é pẹ̀lú bóòtì tirẹ̀, kì í ṣe bóòtì kan tó ṣàdédé wọlé.

Kí ògbólógbòó náà tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi ọ̀bẹ gé e sí mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má baà fọ̀ ọ́ kó tún tà á.