Ahoro Ní Onílẹ̀: Ohun Táwọn Oníyọ́ọ̀tì Ń Ṣì Gbọ́ Nípa Chagos

Ẹni tó dàgbà sí abúlé mọ̀ pé ahoro kì í ṣe ilẹ̀ aláìlónílẹ̀. Ẹbí tó kó kúrò níbẹ̀ ṣì mọ igi obì tí bàbá wọn gbìn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti erékùṣù láàárín agbami, ńṣe làwọn èèyàn ń gbàgbé. Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, yanrìn funfun lásán ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ta wá ni oníyọ́ọ̀tì, ìyẹn ẹni tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun tirẹ̀ rìnrìn àjò, ti fẹ́ tọrọ àyè? Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn erékùṣù Chagos tó wà láàárín Òkun Íńdíà sì fi hàn dáadáa.

Àwọn èèyàn gbé ibẹ̀ rí. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún làwọn Faransé ti ń kó ẹrú wá láti Mòsáńbíìkì àti Madagásíkà láti ṣiṣẹ́ oko àgbọn. Àtọmọdọ́mọ wọn di ọmọ onílẹ̀, wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ Chagos kúrò lára Mauritius lọ́dún 1965. Láàárín 1968 sí 1973, wọ́n kó gbogbo ará ibẹ̀ lọ sí Mauritius àti Seychelles, nítorí ibùdó ológun Amẹ́ríkà tó máa wà ní Diego Garcia, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù náà. Ní erékùṣù Boddam lónìí, igi ti hù sáàárín ògiri ilé, ibojì sì wà lábẹ́ àgbọn. Ọmọ àwọn tó sùn síbẹ̀ wà láàyè, wọ́n ṣì ń bèèrè ilé wọn. Nítorí náà, ẹ má fa òkúta kan yọ lára ògiri yẹn láti fi ṣe àdògán ẹja yíyan.

Ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ọkọ̀ tó gbéra, torí wọn kì í fún èèyàn nígbà tó bá gúnlẹ̀. Lábẹ́ òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe, Salomon (níbi tí Boddam wà) àti Peros Banhos, àgbájọ erékùṣù méjì ní Chagos, nìkan ni yọ́ọ̀tì lè dúró sí, ní àyè tí wọ́n yàn, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ. Diego Garcia kò sí lára ibi àbẹ̀wò. Wọ́n tún máa ń bèèrè ìwé adójútòfò tó kárí gbígbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn àti kíkó àfọ́kù ọkọ̀ kúrò. Ìkejì yìí ló ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wá wọ́ ọkọ̀ tó bá fọ́ sórí iyùn inú omi níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí omi bá kún ni yóò máa lọ iyùn mọ́lẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Gẹ̀ẹ́sì àti Mauritius tọwọ́ bọ àdéhùn lórí ẹni tí yóò ni Chagos, nítorí náà ẹ wádìí ìjọba tó ń fúnni níwèé ní àsìkò tiyín.

Iyùn gan-an ni wọ́n ń ṣì mọ̀ jù. Àwa tí a mọ̀ ọ́n lọ́rùn ọba, òkúta la rò pé ó jẹ́. Egungun ẹran omi ni. Èyí tó wà lọ́rùn ti kú, èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ń jẹun. Irú kan tí wọ́n ń pè ní Porites, tó máa ń rí ribiti bí àpáta, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 ló fi ń dàgbà lọ́dún. Èyí tó bá ga tó àgbàlagbà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣéènì ìdákọ̀ró tó bá ń fà sọ́tùn-ún sósì lára rẹ̀ lóru ọjọ́ kan lè bó o dé egungun.

Ẹ gba ẹnu ọ̀nà Salomon, tó wà ní àríwá, wọ inú ọ̀sà láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, kí oòrùn wà lókè tàbí lẹ́yìn yín. Kí ẹnì kan dúró sókè lára òpó ìgbòkun, kó wọ jígí tó ń pa ìtànṣán ojú omi. Búlúù ṣíṣú ni omi jíjìn, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ ni yanrìn, àwọ̀ ilẹ̀ ni iyùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ọkọ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹ dúró síta di ìgbà tó bá dá.

Yanrìn ni kí ìdákọ̀ró bọ́ sí, bí ẹ bá tiẹ̀ máa jù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Bí omi bá jìn ní mítà 15, ẹ tú nǹkan bíi mítà 60 ṣéènì sílẹ̀. Kí mítà 20 àkọ́kọ́ sùn sórí yanrìn, lẹ́yìn náà kí ẹ máa so bọ́ọ̀lù tó ń léfòó mọ́ ọn ní mítà mẹ́fà-mẹ́fà, kí ìyókù lè rá bàbà lókè iyùn. Ẹ wá bọ́ sómi pẹ̀lú jígí ìwẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé ṣéènì náà látòkè délẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, afẹ́fẹ́ á yí ọkọ̀ rẹ̀ po, ṣéènì á lọ́ mọ́ iyùn, mítà 60 á wá di 15. Bí ìjì bá dé lóru, imú ọkọ̀ á gbéra sókè, ṣéènì tó ti na gan-an kò ní jẹ́ kó lọ, á sì fa ẹ̀rọ tó ń ká a tu lórí ọkọ̀. Gan ní Maldives, níbi tẹ́ ẹ ti lè wá oníṣẹ́, jìnnà tó nǹkan bíi 280 máìlì òkun.

Eku náà ń bẹ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Chagos gan-an, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé ẹyẹ òkun pọ̀ ní ìlọ́po 760 ní erékùṣù tí kò ní eku ju èyí tó ní lọ. Ẹyẹ a jẹ ẹja lójú agbami, a wá yàgbẹ́ sórí ilẹ̀, òjò a gbé ìgbẹ́ náà wọ omi, iyùn àti ẹja a sì rí oúnjẹ: ìwọ̀n ẹja tó wà létí erékùṣù aláìléku fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ju tibòmíràn lọ. Eku ló ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ, ọkọ̀ ló sì gbé e dé. Abo kan tó lóyún ti tó. Ní èbúté tẹ́ ẹ ti ń gbéra, ẹ tú páálí oúnjẹ sílẹ̀, ẹ má gbé e wọlé, ẹ gbọn àpò ìrẹsì àti àlùbọ́sà wò, ẹ dẹ pàkúté. Kí ẹ tó fi ọkọ̀ rọ́bà gúnlẹ̀, ẹ yẹ abẹ́ ìjókòó rẹ̀ wò.

Ẹ má mú alákàn àgbọn. Ó lè wúwo tó kílò 4, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ọwọ́ lásán lè mú un, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ púpọ̀ kó tó tóbi. Kí oòrùn tó wọ̀, kí gbogbo yín ti padà sínú ọkọ̀. Èso tẹ́ ẹ jẹ, ẹ má tu kóró rẹ̀ sí etíkun, torí ìbẹ́pẹ á hù. Èèpo rẹ̀, ó di ojú agbami kẹ́ ẹ tó jù ú. Ọ̀rá, ike àti agolo ní tiwọn á bá yín dé erékùṣù Rodrigues, nǹkan bíi 1,000 máìlì òkun síwájú.