Ta ló kọ́kọ́ ṣírò bí àrùn ṣe ń ràn? En'ko ni!

Bí wọ́n bá ń ka aṣáájú nínú ìṣirò àrùn tó ń ràn, Kermack àti McKendrick ará Skọ́tílándì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí iṣẹ́ wọn ti 1927. Àwọn mìíràn á ní Daniel Bernoulli ni, onímọ̀ ìṣirò tó ṣírò ti ìgbóná (ṣọ̀pọ̀nná) ní 1760. Ṣùgbọ́n iye ọdún tí àjẹsára lè fi kún ẹ̀mí èèyàn ni Bernoulli ń wá. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kó o ran ẹnì kejì kò sí níbẹ̀.

Èmi ò fara mọ́ ọn. P. D. En'ko ló ni ipò yẹn.

Dókítà ni ní St. Petersburg, nílẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 1889, ó kọ ọ́ sínú Vrach, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, bí èèyi ṣe ń jà láàárín àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé ilé-ẹ̀kọ́ Smolny àti Alexandrovsky. Ó pín àkókò sí ìpele ìpele, ó wá béèrè pé: èèyàn mélòó ni ọmọ kan ń bá pàdé ní ìpele kan, báwo ló sì ṣe ṣeé ṣe tó pé kò ní sí aláìsàn nínú wọn? Ìpàdé ló fi ṣe gbòǹgbò ìṣirò náà. Mo gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló là á lójú. Catherine Kejì ló dá Smolny sílẹ̀ ní 1764 fún ọmọ àwọn ọlọ́lá, níbẹ̀rẹ̀ sì rèé, òbí ní láti fọwọ́ sí i pé òun ò ní mú ọmọ jáde fún ọdún 12! Ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ìpàdé ṣeé kà. Bóyá ibùsùn ló fi bẹ̀rẹ̀, tó ń wo ẹni tó sùn ti aláìsàn. Bóyá tábìlì oúnjẹ ni. Èdè Rọ́ṣíà ló fi kọ ọ́, àfi ní 1989, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko, kí Klaus Dietz tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn mí púpọ̀.

Ìgboro ò rí bíi bọ́dìn. Ìyá aláta á ti rí èrò rẹpẹtẹ kó tó di ọ̀sán, arúgbó inú ilé lè má rí ju ẹni mẹ́ta lọ. Kermack àti McKendrick kà wọ́n sí bákan náà. Ní 1976, Lajmanovich àti Yorke pín èèyàn sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìṣirò àtọ̀sí. Lẹ́yìn náà ni Hethcote àti Yorke fi hàn pé ìwọ̀nba àwọn tó ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lò pọ̀ ló ń gbé àrùn náà ró. Ní 2008, iṣẹ́ POLYMOD jáde: èèyàn 7,290 ní orílẹ̀-èdè 8 ní Yúróòpù kọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lóòjọ́ sílẹ̀, ó sì hàn pé ẹgbẹ́ ń wá ẹgbẹ́, pàápàá láàárín àwọn ọmọdé. Àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò gbé jáde nígbà kòrónà, kí wọ́n lè mọ ohun tí títi ilé-ẹ̀kọ́ pa yóò ṣe.