Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Mọ́nítọ̀ ni Iṣẹ́ Ọ̀gá Ilé-Ìwé Ti Bẹ̀rẹ̀ Nílẹ̀ Áfíríkà

Bí ìjọba tàbí àjọ kan bá kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé jọ lóde òní láti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n dìde ní ọ́fíìsì, kí wọ́n wọ kíláàsì, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n wo bí tíṣà ṣe ń kọ́ni, kí wọ́n sì bá a sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n á ní ìlànà tuntun ni. Èmi kò gbà. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ipò náà sílẹ̀ gan-an nìyẹn, ní Freetown nílẹ̀ Sàró (Sierra Leone), ó sì ti tó igba ọdún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọkọ̀ ẹrú lórí òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Sàró. Ọmọ pọ̀ níbẹ̀, tíṣà kò tó nǹkan. Ètò tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, àjọ Ìjọ Áńgílíkà) gùn lé ni èyí tí Andrew Bell dá sílẹ̀ ní Madras nílẹ̀ Íńdíà, tí Joseph Lancaster náà ń lo irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọ̀gá kan ṣoṣo á kọ́ àwọn ọmọ tó já fáfá. Àwọn yìí, tí wọ́n ń pè ní mọ́nítọ̀, á lọ kọ́ àwọn yòókù lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀gá á wá máa rìn káàkiri àárín wọn, á máa tẹ́tí sílẹ̀, á máa tún ibi tó wọ́ ṣe. Ẹ wo iṣẹ́ ọkùnrin yìí dáadáa. Àwọn tó ń kọ́ni ló ń kọ́, kì í ṣe gbogbo ọmọ. Níbi tí mo dúró sí, ọ̀gá ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní apá Áfíríkà tiwa nìyẹn.

Ibẹ̀ ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, bọ́ sí. Ní 1822 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n sì fi í sí Bathurst, abúlé kan lórí òkè lẹ́yìn Freetown. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, òun fúnra rẹ̀ sọ pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni òun fi mọ Májẹ̀mú Tuntun kà, tí wọ́n fi sọ òun di mọ́nítọ̀, tí wọ́n sì ń san kọ́bọ̀ (pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì) méje ààbọ̀ fún òun lóṣù, ìyẹn sísì kan, kọ́bọ̀ kan àti ààbọ̀. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ni. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìdè rẹ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan ní ọdún tó ṣáájú, ti ń gba owó torí pé ó ń mú kí àwọn ẹlòmíràn mọ̀wé.

Ó dá mi lójú pé ètò náà kò lè ṣàjèjì sí i. Bọ́ sí ìdí àgbẹ̀dẹ, ìdí aró tàbí ọ̀dọ̀ ahunṣọ nílẹ̀ Yorùbá: kì í ṣe ọ̀gá ló ń fi bí wọ́n ṣe ń di ẹwìrì mú han ọmọ tó dé lánàá. Ọmọṣẹ́ àgbà ni. Ọ̀gá á jókòó sí ìtòsí bí ẹni tí kò wò, ṣùgbọ́n bí irin bá pẹ́ jù nínú iná, ohùn rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Nílé-kéú bákan náà, ọmọ tó ti mọ wàláà kà ló ń ka fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe álífù, Àfáà á sì máa gbọ́ wọn láti orí àwọ. Àwọn òyìnbó rò pé Madras ni wọ́n ti gbé e wá. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá láti Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti mọ̀ ọ́n kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí ètò náà fi tètè mú ara wọn.

Àwọn kan á ní Sankore, ilé ẹ̀kọ́ mùsùlùmí àtijọ́ ní Timbuktu, ló ṣáájú. Ọ̀mọ̀wé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kálukú ló ní ọmọ tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fún un ní ìjásà, ìwé àṣẹ láti kọ́ni. Al-Azhar ti Íjíbítì ní ọ̀gá àgbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni. Ẹni tó ń pariwo ilé-ìwé Àgbádárìgì ti 1843, kó rántí pé ìdílé de Graft nìkan ló ń kọ́ni níbẹ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ darí?

Ní 1827, Àjàyí, tó ti di Samuel Crowther, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fourah Bay, ilé ẹ̀kọ́ gíga CMS ní Freetown. Nígbà tó yá, òun náà ń kọ́ni níbẹ̀. Ọkọ ọmọ rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló ṣí CMS Grammar School ní Èkó ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, 1859. Ọmọ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀. Captain J.P.L. Davies ló fi £50 sílẹ̀ fún ìwé àti irinṣẹ́. Pirinsípà ni Macaulay, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ni: Látìn, Gíríìkì, ìṣirò, Bíbélì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ṣọ̀pọ̀ná fi mú un lọ ní 1878. Ẹni tí kò bá lè mú ṣọ́ọ̀kì kò lè jókòó sórí àga yẹn.

Owó ìjọba ló ba nǹkan jẹ́. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 fún Gólùkóòsì (Gánà òde òní) àti Èkó so owó ìrànwọ́ mọ́ iye ọmọ tó ń wá àti bí wọ́n bá ṣe ṣe sí nínú ìdánwò. Láti ọjọ́ náà, rẹ́jísítà di ìwé tó wúwo jù lórí tábìlì ọ̀gá. Ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀. Kí iye tó wà nínú ìwé bá iye orí ọmọ mu, kí àwọn ọmọ ti há ìdáhùn sórí. Wíwo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni bọ́ sọ́wọ́ ìsípẹ́kítọ̀, ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀gá wá di akọ̀wé.

Wọ́n gbìyànjú láti dá iṣẹ́ wíwo kíláàsì padà kí òmìnira tó dé, n kò sì ní fi oyè wọn dù wọ́n. Lẹ́yìn ìrìn ìwádìí ẹ̀kọ́ tí àjọ Phelps-Stokes ti Amẹ́ríkà ṣe, èyí tí James Aggrey, olùkọ́ ọmọ Anomabo ní Gólùkóòsì, bá wọn lọ, Kẹ́ńyà dá Jeanes School sílẹ̀ ní Kabete ní 1925. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ àwọn tíṣà àti ìyàwó wọn láti máa lọ láti ilé-ìwé abúlé kan sí òmíràn, kí wọ́n dúró ti tíṣà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá. Àwòkọ́ṣe Virginia Randolph, obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n tẹ̀lé.

Ìyókù kò gùn. Ní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ kó ọmọ tó lé ní 800,000 sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé-ìwé hù ju olú lọ, ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sì di hẹ́dímásítà. Ìpàdé lórí ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà ní Addis Ababa ní 1961 tan irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ká Áfíríkà. Kẹ́ńyà dá ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn alákòóso ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1981, Tanzania ní tirẹ̀ ní Bagamoyo, Nàìjíríà dá irú rẹ̀, NIEPA, sílẹ̀ ní Oǹdó ní 1992, Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ìwé-ẹ̀rí fún àwọn pirinsípà ní 2007. Ní 2024, UNESCO fi odindi ìjábọ̀ àgbáyé rẹ̀ sórí ìdarí nínú ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wa, iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣì ń gbé tíṣà dórí àga. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bó bá máa wà rárá, ó di ìgbà tó bá ti jókòó tán.