Lentigo maligna

Lentigo maligna jẹ́ àbàwọ́n pẹrẹsẹ tó máa ń yọ lára awọ tí oòrùn ti pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá lójú, létí àti lọ́rùn àwọn àgbàlagbà. Aláwọ̀ funfun ló sábà máa ń ṣe. Ó ṣọ̀wọ́n lára aláwọ̀ dúdú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè mẹ́láníìnì, èròjà tó ń fún awọ ní àwọ̀, ló ń yí padà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọjá ìpele òkè awọ. Bí wọ́n bá já sí ìpele ìsàlẹ̀, ó ti di lentigo maligna melanoma nìyẹn, jẹjẹrẹ tó lè ràn dé ibòmíràn nínú ara.

Orúkọ

Jonathan Hutchinson, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní àwọn ọdún 1890, nítorí náà ni àwọn ìwé àtijọ́ ṣe fi orúkọ rẹ̀ pè é. Dubreuilh, dókítà awọ ará Faransé, kà á sí ohun tó ń ṣáájú jẹjẹrẹ. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí mẹlanómà, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè mẹ́láníìnì, tí kò tíì kúrò lójú kan.

Ìrísí

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí tíì bá ta sí aṣọ. Fọwọ́ pá a, o kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹ̀, nígbà mìíràn fún ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, etí rẹ̀ á rí wọ́gọwọ̀gọ, búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú á sì dà pọ̀ mọ́ra. Ó lè máa ṣí lápá kan kí ó máa tàn lápá kejì, èyí tó ń mú kí aláìsàn rò pé ó ń lọ.

Ojú ihò irun ni ẹ̀rí tó dára jù wà. Àwọn dókítà awọ máa ń fi dẹ́mọ́skópù, awò kékeré oníná, wò ó. Lára awọ ojú tí kò ní àrùn, ihò kọ̀ọ̀kan mọ́, ó sì rí roboto. Níbí, àwọ̀ eérú á kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan ihò náà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, àmì wínníwínní á fọ́n sáàárín àwọn ihò, wọ́n á so pọ̀ di ìlà onígun mẹ́rin, títí dúdú fi máa bo ihò mọ́lẹ̀.

Maikirosikópù ń fi ohun tó fà á hàn: àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tò sí ìsàlẹ̀ ìpele òkè, wọ́n sì ń bá ògiri ihò irun sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí fífá ojú awọ lásán kì í fi í tán.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Ó máa ń jọ àbàwọ́n ọjọ́ orí tí kò léwu, àwọn méjèèjì sì lè wà lójú kan náà. Nítorí náà, gígé bíńtín láti ibì kan ṣoṣo lè ṣini lọ́nà.

Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Mílímítà 5 yíká àbàwọ́n kì í sábà tó, torí sẹ́ẹ̀lì náà máa ń tàn kọjá ibi tí ojú rí. Àwọn kan ń yẹ etí ohun tí wọ́n gé wò kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́. Fún ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán tàbí ìpara imiquimod wà. Ìṣirò kan tí wọ́n ṣe ní 1987 fi hàn pé nǹkan bíi 3 nínú 100 ẹni tó ní in ní ọmọ ọdún 45 ni yóò di jẹjẹrẹ tó wọ ìpele ìsàlẹ̀ awọ lára kí wọ́n tó pé ọdún 75.